Ohun Tó Fà Á Tí Ọmọrí Ìkòkò Fi Ń Fò Lórí Iná

Nígbà láéláé, nígbà tí ìkòkò ṣì máa ń jókòó jẹ́ẹ́ lórí iná bí ìyàwó tuntun, bàálù arúgbó kan wà tí ń jẹ́ Fòlókè. Láyé ìgbà yẹn, bàálù máa ń sọ̀rọ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Fòlókè fi kó èrò. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, ikọ́ sì wọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó sín lójú òfuurufú, fìlà gbogbo èrò sì bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó balẹ̀, Alàgbà Fátókun, olórí pápá bàálù, lọ bá a.

"Bàbá, ẹ ti sìn wá tó," ló wí. "Ẹ lọ fẹ̀yìn tì."

Wọ́n wọ́ Fòlókè lọ sínú koríko lẹ́yìn pápá. Alángbá gba àga awakọ̀, ó ń mi orí bí ọ̀gá. Lékeléke bà lé apá rẹ̀.

"Bàbá, ibo là ń lọ lónìí?" ni Lékeléke fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

"Pa ẹnu ẹ dé," ni Fòlókè dáhùn. "Mò ń sinmi ni." Ṣùgbọ́n epo ń kán lójú rẹ̀ tó-tó-tó.

Kò pẹ́, Ògúnlúyì alágbẹ̀dẹ, tó fẹ́ fi irin rẹ̀ rọ nǹkan mìíràn, dé tòun ti ayùn. Ó mọṣẹ́ gan-an, àfi pé etí rẹ̀ ti ń di.

Ẹ̀rù ba Fòlókè. "Alágbẹ̀dẹ, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ sọ mí di ohunkóhun tó bá wù yín, ṣùgbọ́n fífò ni mo fẹ́. Ẹ má gba fífò lọ́wọ́ mi!"

"Fífọ̀?" Ògúnlúyì họ orí. "Ìyẹn ò le. Kí là ń fọ̀ láàárọ̀, tá a ń fọ̀ lọ́sàn-án, tá a tún ń fọ̀ lálẹ́? Ìkòkò ni!"

"Fífò! Fífò!" ni Fòlókè ń ké.

"Mo ti gbọ́, bàbá," ni Ògúnlúyì ń wí, ó ń rẹ́ ẹ lọ.

Ó yọ́ ọ, ó fi ṣe igba ìkòkò tòun tọmọrí. Inú èyí tó tóbi jù ni ọkàn Fòlókè wọ̀. Wúràmótù, aládùúgbò Ògúnlúyì, ló ra ìyẹn. Ó fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ó da ẹ̀wà àti omi sí i, ó dé e, ó sì gbé e kaná.

Bí abẹ́ rẹ̀ ti gbóná, Fòlókè ta gìrì.

"Háà! Ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́!" Ó wo inú ara rẹ̀, ó rí ẹ̀wà tó kún pìtìmù. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èrò! Ẹ de bẹ́líìtì yín!"

Ó hó yaya. Ọmọrí gbéra, gbàgà! Ó balẹ̀, gbàgà!

Wúràmótù sá jáde. "Alágbẹ̀dẹ o! Ìkòkò tí mo rà lọ́wọ́ yín ń kí ẹ̀wà mi káàbọ̀!"

Ògúnlúyì sáré dé. Ó gbé etí lé ìkòkò, etí jó o, etí tó di sì là wàyí.

"Fífò ló wí!" ló kígbe. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ n tún yín yọ́."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ni Fòlókè dáhùn. "Láyé ọjọ́sí, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni mo ń gbéra, èrò á sì máa bínú pé mo pẹ́. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni màá máa gbéra lójúmọ́, kò sì sí ẹ̀wà kan tó ń ráhùn."

Ó kọ́ gbogbo ìkòkò yòókù níṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ náà ni ọmọrí ìkòkò ti máa ń fò lórí iná bí omi bá ti hó. Bí ó bá sì ru dà sílẹ̀, ẹ má bínú sí ìkòkò. Èrò ló ń sọ̀ kalẹ̀.