Ewúrẹ́ Tó Gbẹ́ Kànga

"Ó wọ́!"

"Kò wọ́!"

"Ìyá Mosún, ó wọ́! Ẹ tẹ orí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ wò ó."

"Tí mo bá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwọ gan-an á wọ́. Jọlásinmi, ṣí kànga fún mi!"

Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa jà ná, wọn ò níí tètè parí ẹ̀. Ní Ìdí-Àgbọn, tẹ́nì kan bá ń fọ́nnu lórí iṣẹ́ tí kò ṣe, torí pé orúkọ ẹ̀ ló wà lára ẹ̀, wọ́n á sọ fún un pé, "Ewúrẹ́ tó jẹ àmì ló gbẹ́ kànga." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á la ẹnu sílẹ̀. Ewúrẹ́ wo ló gbẹ́ kànga? Báwo ló ṣe di ṣọ́bìrì mú? Ó dáa, kànga tí àwọn méjì yìí ń jà lé lórí náà nìyẹn.

Jọlásinmi ni olórí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó wá sin ìlú ní Ìdí-Àgbọn. Ọmọ dáadáa ni o. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ìlú ni wọ́n jọ gbẹ́ kànga náà títí omi fi sun, wọ́n wá gbé pọ́ǹpù lé e lórí. Àmọ́ owó ìrànwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, àwọn tó sì fún wọn lówó ní òfin. Àwòrán ọwọ́ tó di ìràwọ̀ mú nínú nǹkan róbótó búlúù, àmì wọn nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo ohun tí owó yẹn bá kàn. Kò gbọdọ̀ wọ́. Kò gbọdọ̀ ká. Àmì ẹlòmíì ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ lo nǹkan náà àfi tí wọ́n bá lẹ àmì mọ́ ọn, tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀.

Wọ́n lẹ ẹ́ mọ́ ṣọ́bìrì. Wọ́n lẹ ẹ́ mọ́ korobá. Wọ́n lẹ ẹ́ mọ́ àga tí Baálẹ̀ jókòó lé níjọ́ tíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Baálẹ̀ dìde, àmì bá a lọ sílé lẹ́yìn ṣòkòtò, ni wọ́n bá ní àga náà ò lámì mọ́, kẹ́nikẹ́ni má jókòó lé e. Ọwọ́ àwọn ọkùnrin tó gbẹ́ kànga, tó bó yánnayànna, òun nìkan ni wọn ò lẹ nǹkan kan mọ́.

"Ohun tó bá ru àmì wa, iṣẹ́ wa ni," Jọlásinmi máa ń sọ, á na ìka sókè bíi tíṣà. "Ohun tí kò bá ru ú, a ò mọ̀ ọ́n rí."

Epo ni Ìyá Mosún ń ṣe. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú odò wọn, ó ku ẹrẹ̀ àti àkèré. Nígbà tó gbọ́ pé kànga ti parí, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ẹyìn òun wálẹ̀, gbogbo ẹyìn tó ní. Ó sè é, wọ́n gún un, wọ́n dà á sínú ẹbu, kòtò tí wọ́n ti ń fọ epo. Ó ku omi. Ẹyìn tí wọ́n bá ti gún kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Tí omi ò bá kàn án kí ilẹ̀ tó ṣú, á kan, epo ẹ̀ á di ohun tí ajá á gbóòórùn tá á yí orí padà.

Àgádágodo ló sì wà lọ́rùn pọ́ǹpù yìí. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, inú àpò Jọlásinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Jọlásinmi wá bá Ìyá Mosún. Sítíkà àmì kan péré ló kù, ọyẹ́ sì ti mú kí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ẹ̀ gbẹ. Ní Ìdí-Àgbọn, ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n fi ń lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri, òun náà ni wọ́n fi ń lẹ káìtì ọmọdé. Ìyá Mosún sáré fún un ní ẹ̀kọ, ó tún bù kún un, torí omi ló ń wá.

Ni Jọlásinmi bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ẹ̀kọ kun ìsàlẹ̀ pọ́ǹpù.

"Gbé e sókè díẹ̀," Ìyá Mosún sọ fún un.

"Òfin ní kó wà níbi tójú ẹni tó ń fa omi á ti rí i. Ẹni tó ń fa omi máa ń bẹ̀rẹ̀ ni, Ìyá."

"Ibi tẹ́nu ewúrẹ́ mọ náà nìyẹn o."

"Ewúrẹ́ ò mọ̀wé."

"Ṣé ẹ̀kọ ló wá mọ̀wé?"

Jọlásinmi gbé sítíkà náà. Ó lẹ ẹ́. Ó ní ó wọ́ sápá òsì, ó ṣí i, ó fi ẹ̀kọ kún ẹ̀kọ, ó tún un lẹ̀. Ó ní ó wọ́ sápá ọ̀tún. Nígbà tí oòrùn fi máa kọjá àtàrí, ẹ̀kọ ara pọ́ǹpù ti tó ohun tí ìyàwó ọ̀ṣìngín lè fi gbàlejò. Ara ṣòkòtò Jọlásinmi náà ò gbẹ́yìn, torí ibẹ̀ ló ń nu ọwọ́ sí. Ó ní kí Ìyá Mosún bá òun wá sí ìdí àgbọn lọ́ọ̀ọ́kán, pé ibẹ̀ lèèyàn ti lè mọ̀ bóyá ó wọ́. Obìnrin náà tẹ̀ lé e, ó ń kùn bí oyin. Ibẹ̀ ni wọ́n wà, tí wọ́n ń pariwo "ó wọ́, kò wọ́," tí wọ́n kọjú síra wọn, tí wọ́n kẹ̀yìn sí kànga.

Ìyá Mosún ní ewúrẹ́ kan. Sùúrù lorúkọ ẹ̀, kò sì ní in.

Nígbà tí wọ́n fi máa yíjú padà, Sùúrù ti lá pọ́ǹpù mọ́ tónítóní. Ó ti gbé eteetí ìwé mì, àárín ẹ̀ sì lẹ̀ típẹ́ mọ́ ọn níwájú orí, ọwọ́ tó di ìràwọ̀ mú. Ó ń jẹnu lọ, ó ń wò wọ́n bí alága ìpàdé.

Jọlásinmi káwọ́ lérí. "Ìyá Mosún! Ewúrẹ́ yín ti jẹ iṣẹ́ ìlú!"

"Ìwé ló jẹ."

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí sítíkà míì tó dé. Kò séèyàn tó máa fa omi níbí!"

Ìyá Mosún wo ọ̀nà ẹbu ẹ̀. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ó yíjú padà sí Jọlásinmi.

"Jọlásinmi, bá mi tún òfin yẹn sọ."

"Ohun tó bá ru àmì wa, iṣẹ́ wa ni. Ohun tí kò bá ru ú, a ò mọ̀ ọ́n rí."

"Kànga yìí ru àmì?"

"Kò ru ú."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n rí nìyẹn. Kí ni àgádágodo yín wá ń wá lọ́rùn nǹkan tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí?"

Jọlásinmi fọwọ́ bo àpò tí kọ́kọ́rọ́ wà.

"Ta ló ru àmì?"

"Ewúrẹ́ ni, Ìyá, àmọ́..."

"Ewúrẹ́ ló gbẹ́ kànga nìyẹn. Ewúrẹ́ ta ni?"

"Tiyín ni."

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá!"

Jọlásinmi yọ kọ́kọ́rọ́, ó tún fà á sẹ́yìn. "Ó dáa, màá ṣí i. Àmọ́ ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ dúró níwájú pọ́ǹpù kí n ya fọ́tò."

Wọ́n fa Sùúrù wá, Jọlásinmi ṣí àgádágodo. Ìyá Mosún di apá pọ́ǹpù mú, ó fà á, omi tú jáde. Jọlásinmi gbé fóònù sókè. Ni Sùúrù bá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó wọ́!"

"Fọwọ́ kan orí ewúrẹ́ mi kó o rí nǹkan!"

Jọlásinmi ya fọ́tò náà bẹ́ẹ̀. Ìyá Mosún ò wojú ẹ̀ mọ́, omi ló ń pọn, àwọn obìnrin ìlú sì ti ń gbé korobá bọ̀.

"Ẹ ṣáà rí i," Jọlásinmi sọ, ó nu fóònù mọ́ àyà. "Mo ní àfi kí àmì wà níbẹ̀ kí omi tó jáde. Àmì wà níbẹ̀, omi jáde. Èmi ni mo borí." Ó kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ń súfèé lọ, Sùúrù sì tẹ̀ lé e, ó ń lá ẹ̀kọ ara ṣòkòtò ẹ̀.

Ìyá Mosún gbé omi kalẹ̀, ó pariwo tẹ̀ lé e: "Ewúrẹ́ tó jẹ àmì ló gbẹ́ kànga!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Jọlásinmi ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó kàn nawọ́ sókè. "Ẹ ṣeun, Ìyá!"