Ọjọ́ tí Òkè Ayọ̀bọ̀rọ́ Ya

Nílùú Ìsàlú, lẹ́sẹ̀ òkè kan tí wọ́n ń pè ní Ayọ̀bọ̀rọ́, eré kan wà tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn. Bí òjò bá ti rọ̀ tí àpáta sì ń yọ̀, wọn a la ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí méjì, wọn a gbé e gòkè, wọn a jókòó sínú rẹ̀, ó di wìì! Wọ́n ti balẹ̀ sínú koríko nísàlẹ̀. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi ń dìde, bí ìdí tilẹ̀ ń ta wọ́n.

Kò sí ẹni tó mọ eré yìí bíi Láníyọnu, àgbẹ̀ oníṣu kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Òun nìkan ló lè dúró lórí ìtì títí yóò fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn àtibá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá tí wọ́n jọ ń ṣeré náà rìn. Òfin ẹgbẹ́ ni pé bí ẹnì kan bá ń yọ̀, àwọn yòókù ń ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì ṣe tán, wọn a ka ara wọn kí wọ́n tó relé. Èyí máa ń sú Láníyọnu.

"Kí n tó dúró de ẹni mẹ́sàn-án, mo ti yọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá," ni ó máa ń wí.

Ìbídùn amọ̀kòkò ni olórí ẹgbẹ́. Ogún ọdún ló ti ń wa amọ̀ lára òkè náà, ó mọ ilẹ̀ ibẹ̀ bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Lọ́dún kan, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Nígbà tí ó dá, Ìbídùn lọ wo òkè, ó sì padà wá bá ẹgbẹ́.

"Ilẹ̀ ti sán níhà ìlà-oòrùn," ó ní. "Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀, ká ṣeré wa níhìn-ín."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù," Láníyọnu dáhùn. "Ibẹ̀ gan-an ló dùn."

"Àbúrò mi, òkè kì í mọ akọni."

Láníyọnu ní kò burú, oko lòun ń lọ. Bí ó ti kọjá ẹ̀yìn ilé, ó la ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì forí lé ìhà ìlà-oòrùn. Ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dùn. Ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó dùn ju tàkọ́kọ́ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbọ́ ìró kan lókè bí ìgbà tí gbogbo ìlú ń gún iyán lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó tó bojú wẹ̀yìn, erùpẹ̀, òkúta àti igi ti dà bò ó.

Àwọn ẹgbẹ́ gbọ́ ìró náà. Ìbídùn ní kí wọ́n ka ara wọn; mẹ́sàn-án ni wọ́n, ó ku ẹnì kan.

"Láníyọnu wà lóko," ẹnì kan wí.

"Oko kẹ̀?" ni Ṣówándé alágbẹ̀dẹ, aládùúgbò rẹ̀, fèsì. "Mo rí ọkọ́ rẹ̀ nílé láàárọ̀ yìí!"

Wọ́n sáré dé ìhà ìlà-oòrùn. Ẹrẹ̀ lọ súà, kò sí ènìyàn. Ìbídùn ní kí wọ́n gé ọ̀pá gígùn, kí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n máa fi gún ẹrẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀.

"Ṣówándé, ìwọ má wá. Òkè ni kí o máa wò."

"Ọ̀rẹ́ mi ló wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí!"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o ṣọ́ ọ."

Wọn kò tíì gún un dé àárín nígbà tí Ṣówándé kígbe, "Ó ń bọ̀ o!" Wọ́n fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹrẹ̀ mìíràn sì rọ́ kọjá níbi tí wọ́n dúró sí. Kò sí ẹni tó relé. Wọ́n tún tò.

Láìpẹ́, ọ̀pá Ìbídùn kan nǹkan, ohùn kan sì ké lábẹ́ ilẹ̀, "Yéè! Imú mi nìyẹn!"

Igi ńlá kan tó wó ló gbé ẹrẹ̀ dúró lórí rẹ̀ tí ó fi rí èémí mí. Wọ́n fi ọkọ́ àti ọwọ́ gbẹ́ ẹ jáde, ẹsẹ̀ kan ti rọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sáré dé pẹ̀lú ẹkún, ènìyàn mẹ́wàá ló bá nílẹ̀, ẹrẹ̀ bò wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "èwo nínú yín lọmọ mi?"

Ẹ̀rín pa wọ́n, Láníyọnu sì ń sunkún bó ti ń rẹ́rìn-ín.

Baálẹ̀ fẹ́ fòfin de eré náà. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní, "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Òkè kò ní í ṣí lọ, àwọn èèyàn kò sì ní í yé gùn ún. Ẹ jẹ́ ká máa kọ́ wọn bí a ti ń gùn ún." Baálẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá lọ mọ́.

Oṣù méjì kọjá, ilẹ̀ ti le, òjò wẹ́ẹ́rẹ́ kan sì rọ̀. Láníyọnu, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san, ló kọ́kọ́ dé ibi eré. Nígbà tí ó yọ̀ balẹ̀, ariwo ayọ̀ àwọn ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya òkè náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣówándé bi í bí ó ti rí lára rẹ̀.

"Tẹ́lẹ̀, bí mo bá yege, kò sí ẹni tó rí mi, bí mo bá sì ṣubú, kò sí ẹni tó máa gbé mi," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ tó fi kún un ni àwọn àgbà Ìsàlú gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sì ń pa lówe títí dòní: Ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni.