Ìdí Tí Ìrù Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Fi Là Sí Méjì

Nígbà láéláé, ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kò là. Ó tẹ́ rẹrẹ bí abẹ̀bẹ̀, ẹyẹ náà a sì máa fi yan kiri ojú ọ̀run.

Ní erékùṣù kan láàárín òkun, níbi tí àwọn Gíríìkì àti àwọn Tọ́kì jọ ń gbé, ó kọ́ ìtẹ́ sábẹ́ òrùlé kan tó bo ilé méjì. Dẹsipína, ọmọ Gíríìkì, ń gbé apá kan. Néfísè, ọmọ Tọ́kì, tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ń gbé apá kejì. Wọ́n jọ ń fa omi kànga kan náà. Wọ́n jọ ń fi ewé àjàrà wé ìrẹsì sè. Orúkọ tí oníkálukú ń pè é yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun kan náà ló ń gbà lọ.

Èèwọ̀ kan sì wà tí àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù. Bí aládùúgbò bá fi àwo gbé oúnjẹ fún ọ, o kò gbọdọ̀ dá àwo náà padà lófìfo, o kò sì gbọdọ̀ fi pamọ́. Ẹni tó bá fi àwo pamọ́ ti bú ẹni tó fún un lóúnjẹ.

Lọ́jọ́ kan, Néfísè gbé ìrẹsì fún Dẹsipína. Kí Dẹsipína tó fọ àwo tán, àwọn olórí dé láti òkèèrè, àwọn tí kò mu omi kànga yẹn rí. Wọ́n na wáyà ẹlẹ́gùn-ún la àárín abúlé. Abẹ́ òrùlé náà gan-an ló gbà kọjá. Wọ́n ní Gíríìkì kò gbọdọ̀ kọjá síbí, Tọ́kì kò gbọdọ̀ kọjá sọ́hùn-ún. Ta ló pè wọ́n?

Dẹsipína kó ọ̀pọ̀tọ́ sínú àwo, ó lọ bá ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ìdí wáyà.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n dá àwo ẹ̀gbọ́n mi padà."

Ṣọ́jà Gíríìkì ní, "Màmá, ẹ padà. Tọ́kì kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín mọ́."

"Láti ìgbà wo? Ṣé ìwọ lo bí wa ni?"

Ṣọ́jà náà tì í sẹ́yìn. Dẹsipína gbé àwo náà kalẹ̀ lẹ́bàá wáyà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wà lókè, ó ń wò ó.

Néfísè retí àwo títí. Ṣọ́jà Tọ́kì rí i bó ṣe ń wọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ ò tíì gbọ́n? Wọ́n ti jẹ oúnjẹ yín, wọ́n sì ti gbé àwo yín mì. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn."

Irọ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó mú àáké. "Ó dáa. Bí Dẹsipína bá lè fi àwo mi pamọ́, màá gé òrùlé mi kúrò lára tirẹ̀."

Abẹ́ òrùlé ọ̀hún ni àwọn ọmọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wà, wọn kò tíì hu ìyẹ́. Ìyá wọn ké títí, ariwo àáké kò jẹ́ kí Néfísè gbọ́. Ló bá já wálẹ̀, ó fi ẹnu gbé ọ̀pọ̀tọ́ kan nínú àwo tí Dẹsipína gbé kalẹ̀, ó sì forí lé abẹ́ òrùlé.

Òrùlé kò ga. Ọwọ́ ṣọ́jà tó o.

"Ẹyẹ Gíríìkì ni," ni ọ̀kan wí, ó di ìrù rẹ̀ mú. "Kò gbọdọ̀ kọjá."

"Ẹyẹ Tọ́kì ni," ni èkejì wí, ó di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. "Ilé wa ló pamọ sí."

Èébú kún ẹnu alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, ọ̀pọ̀tọ́ á bọ́. Ó gbé èébú náà mì. Wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, àárín ìrù náà sì ya fàà.

Ó fò kọjá tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára, ó ju ọ̀pọ̀tọ́ sẹ́sẹ̀ Néfísè.

"Àwo yín wà lẹ́bàá wáyà, ó kún. Àwọn wọ̀nyí ni kò jẹ́ kó kọjá. Ṣé àwọn ọmọ mi lẹ máa fi àáké bá wí?"

Néfísè mọ ọ̀pọ̀tọ́ náà. Igi ẹ̀bá kànga ló so ó. Àáké bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí ṣọ́jà Tọ́kì. "Ìwọ ọmọ yìí, ìyá rẹ kò kọ́ ọ." Ṣọ́jà wolẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ká wáyà náà kúrò.

Láti ọjọ́ náà ni ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti là sí méjì, tí kì í sì í pẹ́ níbi tí ọwọ́ ènìyàn lè tó. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń dé ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń ké kíkankíkan, ẹ má pè é lórin. Èébú tó gbé mì lọ́jọ́ náà ló ń tú síta, kò sì tíì tú u tán.