Òkété Tún Etí Oko Ṣe

"Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó balẹ̀ sí oko elégédé Òkété. Àna rẹ̀, Bàbá Ọ̀yà, ń bọ̀ wá wo oko náà kí ó tó fún un ní Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀, ṣaya. Òkété kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀lẹ, ló bá ń tún etí oko ṣe. Bó ṣe hú efinrin, Ìyá Oyin dé. Ẹ gbè é:

Òkété, dáwọ́ dúró — Tẹ̀rẹ̀nà!
Oúnjẹ ọmọ mi lò ń hú — Tẹ̀rẹ̀nà!

"Ìyá, ẹ má bínú, igbó lásán ni."

Ó hú ewúro. Ìyá Oyin tún kọrin. Ó hú yúnyún. Ìyá Oyin kọrin lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Òkété wá gbin òdòdó òyìnbó tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, tí kò ní adùn kankan nínú.

Elégédé tanná, ó rẹ̀ dànù, torí oyin ti lọ, kò sẹ́ni tí yóò gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lọ bá abo.

Àwọn àna dé tagbọ̀n-tagbọ̀n. Àwẹ̀ró ṣí ewé wò, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Òkété, èso dà?"

Òkété ń wo èékánná ara rẹ̀.

"Oko yìí mọ́," ni Bàbá Ọ̀yà wí. "Ó mọ́ títí kan èso. Efinrin tí oyin ń jẹ kún ẹ̀yìnkùlé mi. Wá hú díẹ̀ lọ gbìn. Bí elégédé bá so, kí o wá gbé ìyàwó."

Ọ̀sán gangan ni Òkété ru efinrin gba àárín ìlú kọjá, ó doríkodò. Ẹni tí kò rí i gbọ́ òórùn ẹrù rẹ̀.

Bí mo bá purọ́, kí etí oko tèmi náà mọ́ bẹ́ẹ̀.