Okùn tí Adìẹ Bà Lé ní Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Àwẹ̀ró

"Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ." Ojoojúmọ́ ni a ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Òwe kì í ṣe ohun tí à ń fọ́n dànù. Ẹ jẹ́ kí a lọ sídìí òpó kan ní ìlú Ìdóyẹ̀, níbi tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Ojúọlápé ti kúnlẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, tó ń fi eyín fa kókó okùn tí kò fẹ́ tú.

Inú ilé tí ìlú kọ́ fún àwọn arúgbó tí kò ní alábòójútó ni. Àwọn agboolé a máa yan obìnrin tí yóò tọ́jú wọn fún ọdún mẹ́ta. Bí tirẹ̀ bá pé, òmíràn a dé. Ìyá Àwẹ̀ró, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà, ló ni okùn ọ̀hún. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, òun ló ń dì mú láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé balùwẹ̀. Ìbídùn, tó ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló so ó mọ́ òpó fún un. Ìbídùn ti lọ. Ọjọ́ kẹta rèé tí Ojúọlápé gba ipò rẹ̀.

Ìyá Àwẹ̀ró jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó di ìpẹ̀kun okùn mú. Ọyẹ́ ń fẹ́. Nínú òkùnkùn tó ń gbé, ó dà bíi pé ilé náà ń léfòó lórí omi, tí okùn yìí nìkan sì so ó mọ́ èbúté. Ẹsẹ̀ tó ń gbọ́ láti ìjẹta kì í ṣe ti Ìbídùn. Ó yá jù. Bí ó bá sì ń wẹ̀ ẹ́, orí ni ẹlẹ́sẹ̀ yíyá yìí ti ń da omi sí i. Ìbídùn a máa ti àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí òtútù má baà já a láyà. Kò wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí okùn yìí bá lọ, ó mọ̀ pé òun kò tún ní fi ẹsẹ̀ ara òun lọ síbi kankan mọ́.

"Ìbídùn, kí lo ń ṣe ńbẹ̀ yẹn?" Orúkọ tó ti mọ́ ọn lẹ́nu ló fi pè é.

"Ojúọlápé ni, Ìyá. Okùn ni mò ń tú. Ẹ fẹsẹ̀ kọ odó lánàá, díẹ̀ ló kù kí ẹ ṣubú. Èmi á máa fà yín lọ́wọ́ lọ."

"Fà mí lọ́wọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

"Ẹ má bínú. Bí ẹ bá ṣubú, ta ni wọn yóò bi?"

Kókó kìíní tú. Okùn dẹ̀. Bí adìẹ kan ti fò bà lé e nìyẹn, okùn sì ń gbọ̀n nínú àtẹ́lẹwọ́ arúgbó.

"Ta ló ń mi okùn mi?"

"Adìẹ ni, Ìyá."

"Báwo ló ṣe dúró?"

Ojúọlápé wò ó. "Ó na apá, ó tún ká a. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n."

Ìyá Àwẹ̀ró dẹtí sílẹ̀. Ó gbọ́ èémí obìnrin ìdí òpó, èémí ẹni tí kò rí oorun sùn.

"Ojúọlápé, ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ń sùn?"

"Mi ò tíì sùn láti ọjọ́ tí mo ti dé. Bí ẹ bá wúkọ́, mo ti dìde. Ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì mọ ohun tí ẹ fẹ́."

Arúgbó bú sẹ́rìn-ín. "Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ! Èmi rò pé okùn nìkan ló ń jìyà. So ó padà, kí ó le dáadáa. Gbé odó kúrò lọ́nà. Ẹ̀yìn mi ni kí o máa rìn. Ẹsẹ̀ mi sì ni kí o ti máa bu omi; orí mi ò ní sá lọ."

"Ẹ ò bá ti wí, Ìyá!"

"Ìwọ náà ò bá ti bi mí."

Ojúọlápé so okùn padà. Bí ó ti le, adìẹ fò sílẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró di okùn mú, ó rìn dé balùwẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojúọlápé wẹ̀ ẹ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, ó da omi tó ṣẹ́kù sídìí ẹ̀fọ́, ó gbé igbá rẹ̀, ó sì kọjá sí yàrá kejì.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti ṣẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá so ẹni méjì pọ̀, tí ara kò rọ èyí, tí kò rọ ìyẹn, tí kálukú sì rò pé òun nìkan ni ara ń ni, àwọn àgbà a ní: adìẹ bà lókùn; ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.