Orin tí Fárónbí Gbọ́ Lẹ́ẹ̀meje

Ta ni kò mọ̀ nílùú wa pé ẹ̀gúnjẹ ni Fárónbí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, fi ń yan orin mẹ́wàá tó ń pè ní àṣàyàn aráàlú? Aráàlú wo? Ta ló bi wá léèrè?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìbídùn akọrin gbé àwo orin rẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló padà sí i lọ́wọ́, òwú pupa tó fi rán ẹnu àpòòwé rẹ̀ kò tilẹ̀ já. Inú bí i, ó ní òun máa lọ bá a jà níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní, "Má jà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

Ìbídùn ronú sí i. Ó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, ó dúró síwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò lanu. Ó fi àwo tuntun náà ránṣẹ́ sí Fárónbí, ó fi owó há a lábẹ́.

Nígbà tó di Sátidé, Fárónbí figbe ta: "Orin Ìbídùn ló gba ipò kìíní! Ẹ̀ẹ̀meje ni mo gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí, ẹkún ni mo ń sun!"

Ó tẹ orin náà. Kẹ́kẹ́ pa. Télọ̀ àdúgbò wa gbá rédíò rẹ̀ létí, ó rò pé bátìrì ló kú.

Fárónbí ń kólòlò: "Ẹ má bínú, ẹ̀rọ wa ló bàjẹ́."

Ìbídùn pè é lórí fóònù, gbogbo ìlú ń gbọ́.

"Ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́, bùrọ̀dá. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ibo nínú rẹ̀ ló pa yín lẹ́kún?"