Kókó Mẹ́ta Lẹ́yìn Bébà Olérin

Ìròyìn ò tó àfojúbà: ta ni kò mọ òwe yìí? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé agbo-ilé wa ní Ìtọ̀kú, l'Ábẹ́òkúta, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń fi ìrù kan sí i: "Ìròyìn ò tó àfojúbà, àwòrán ò sì tó àfọwọ́bà." Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ìrù yẹn ti hù? Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe tó bí i. Bí mo tilẹ̀ fẹ́ fi ara pamọ́, àwọn ará ilé wa kò ní í gbà fún mi.

Aláró ni wá. Aṣọ funfun tó ń ti ìlú òyìnbó wá ni ìyá bàbá mi, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláró, máa ń rà ní ìgàn-ìgàn láti fi ṣe àdìrẹ. Lára ìgàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń lẹ bébà kékeré kan mọ́ tó jọ sítáǹbù, àfi pé ó tó àtẹ́lẹwọ́, àwòrán aláràbarà sì wà lójú rẹ̀. Àwọn ìyá wa kò mọ̀wé. Àwòrán yẹn ni wọ́n fi ń mọ aṣọ tó dára. Olérin ni tiwa. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin Ìyá Aláró bá kọ́kọ́ dá pa aṣọ láró, tí aró náà sì mú dáadáa, ìyá rẹ̀ á fún un ní bébà olérin kan, á ní kó tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́.

Yàtọ̀ sí bàbá mi, ọmọbìnrin mẹ́ta ni Ìyá Aláró bí. Àkọ́bí ni Màmá Ẹfúnbọ̀dé, tó kù díẹ̀ kó pé àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àbíkẹ́yìn ni Ìbídùn, tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Kúmásì kí a tó gba òmìnira. Lẹ́tà dé fún ọdún méjì, kò sì dé mọ́. Màmá kò yéé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti Gáná dé. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé kò mọ̀ bóyá àbúrò òun tilẹ̀ bímọ sáyé rárá.

Ní àsìkò ọyẹ́ ọdún kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, tó gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí Màmá ti bi léèrè, fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí fóònù mi láti Kúmásì. Ó ní Ìbídùn ni ìyá òun, pé ó ti kú lọ́dún tó kọjá, inú àpótí rẹ̀ ni òun sì ti rí bébà kan. Ojú kámẹ́rà rẹ̀ ti sán. Àwòrán kìíní ṣú, ìkejì mì, ìkẹta dà bí ẹni pé abẹ́ omi ni wọ́n ti yà á. Mo fẹ̀ ẹ́ títí, mo yí fóònù sọ́tùn-ún sósì. Ẹranko tí mo rí kò ní ọwọ́jà rárá, ìwo méjì ló ní.

"Màlúù ni," mo wí. "Erin sì ni tiwa."

Màmá, tó máa ń pè mí ní Tísà nítorí pé olùkọ́ ni mí, gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú. "Òkùnkùn ni mo rí, Tísà. Ní kó gbé bébà náà wá."

Ẹ má dá mi lẹ́bi tán. Ní ọdún méjì ṣáájú, ọkùnrin kan ti wá pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ìbídùn. Ó gbọ́ ìtàn erin nígboro, ó wá rò ó fún wa bí ẹni ka ìwé. Ó jẹ iyán wa fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì gbé rédíò Màmá lọ lọ́jọ́ kẹrin. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo kọ èsì pẹ̀lẹ́ sí Rẹ̀mílẹ́kún pé kó má bínú, kì í ṣe tiwa. Màmá bínú sí mi pé n kò ṣe ohun tí òun wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú báàgì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó kọjá lára mi, ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá.

"Ẹ kú ilé, mà. Wọ́n ní ẹ ò mọ̀ mí. Mo ní kí ẹ ṣáà fọwọ́ kàn án kí n tó padà."

Ó tú áńkáṣíìfù, ó fi bébà náà lé e lọ́wọ́. Màmá kò gbé e sójú rárá. Ó yí bébà náà padà sí ẹ̀yìn. Àkísà funfun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi láfún lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fi ìko rán igun rẹ̀. Àtàǹpàkò Màmá rìn lọ síbi igun náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka kókó tó wà níbẹ̀.

"Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta." Ó gbójú sókè. "Ìyá wa ló ta á ní kókó. Èmi, ọ̀kan. Adébísí tó tẹ̀lé mi, méjì. Ìbídùn, mẹ́ta. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kí olè má baà gbọ́. Àbúrò mi bímọ."

Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ igi ìdáná kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà jíjìn. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, àwa náà sì bá a ṣe méjèèjì. Inú mi dùn, ojú sì tì mí. Mo gbé bébà náà sínú oòrùn: àmì àtàǹpàkò aláró ló bo ọwọ́jà erin mọ́lẹ̀. Eyín rẹ̀ ni mo pè ní ìwo.

"Tísà," ni Màmá wí, "o fún erin níwo, o sì fẹ́ fi ọmọ mi ta Gáná lọ́rẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ Rẹ̀mílẹ́kún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí.

"Ẹ dìde, bùọ̀dá mi," ó wí. "Èmi náà pè é ní màlúù tẹ́lẹ̀."

Ọjọ́ yẹn ni Màmá fi ìrù sí òwe náà. Àwọn àgbà ilé wa máa ń pa á fún ẹni tó bá ti òkèèrè dájọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn, ìbáà ṣe ọjà, ìbáà ṣe ilẹ̀, ìbáà ṣe àfẹ́sọ́nà tí wọ́n rí fọ́tò rẹ̀ lásán. Wọn kì í sì í pa á tán kí wọ́n má wo ojú mi.